Akoto àti kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú: Ohun tó yẹ kí oníkẹ̀kẹ́ Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó mọ̀ kó tó náwó

Láti ìgbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀ ti kúrò ní nǹkan téèyàn ń fi ojú kékeré wò. Ẹni tó ń ti Odígbó wá sí Ọ̀rẹ̀ lójoojúmọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìwé rẹ̀ jìnnà sílé, àgbẹ̀ tí oko kòkó rẹ̀ wà nínú igbó lọ́hùn-ún, kálukú ló ń ṣírò owó ọ̀kadà kó tó jáde.

Ìdí nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ ológeere fi tún yẹ ní rírò. Kì í mu epo, kò sì gba páátíkúlà. Láyé àwọn bàbá wa, kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára ohun tí àgbẹ̀ kòkó máa ń kọ́kọ́ rà tí owó bá dé ọwọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ nìkan kọ́ lèèyàn ń rà. Akoto wà ńbẹ̀, iná wà ńbẹ̀, bíréèkì, táyà àti aṣọ tí awakọ̀ á fi rí ọ lóru. Tí gbogbo rẹ̀ bá pé jọ, owó náà lè wọni lọ́rùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni kí wọ́n ra èyí tówó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo rẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà, torí owó pọ́ọ́kú kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Kí ló dé tí owó ọjà kan fi kéré?

Ìdí mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Ọ̀kan ni pé oníṣòwò ti dín ìnáwó tirẹ̀ kù. Èkejì ni pé ẹlòmíràn ti lo ọjà náà ṣáájú, ìyẹn tòkúnbọ̀. Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tó ṣe é ti yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀, ó sì fi bò ó mọ́lẹ̀. Èkíní dára. Èkejì lè dára, ó kù sọ́wọ́ ohun téèyàn ń rà. Ẹ̀kẹta ló ń pani.

Ẹni tó bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ ti èkíní, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé tó wà ní London nípa Aldi àti Lidl. Ilé ìtajà ńlá ni àwọn méjèèjì, Jámánì ni wọ́n sì ti wá. Karl àti Theo Albrecht ló dá Aldi sílẹ̀ láti ara ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ìyá wọn ń tà nínú rẹ̀ ní ìlú Essen. Aldi wọ Britain lọ́dún 1990, Lidl tẹ̀ lé e lọ́dún 1994.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tajà kò ṣòro láti yé èèyàn. Oríṣi ọjà tí wọ́n ń kó sílé kò pọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá máa ra ọ̀kan, wọ́n á rà á rẹpẹtẹ kí wọ́n lè ná an wálẹ̀. Orúkọ tiwọn ni wọ́n ń kọ sára ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Wọn kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù lọ́ṣọ̀ọ́, inú páálí tí ọjà bá wá ni wọ́n sábà máa ń tà á. Oúnjẹ ni òwò wọn gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kó ọjà mìíràn sí àárín ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí òtútù bá ti ń lọ, ohun èlò kẹ̀kẹ́ máa ń wà níbẹ̀: akoto, iná, ìbọ̀wọ́, pọ́ǹpù, ṣòkòtò oníkẹ̀kẹ́. Tó bá tán, ó tán nìyẹn.

Ohun tó yẹ kéèyàn fi ọkàn sí ni pé òfin kan náà ló de akoto olówó pọ́ọ́kú yẹn àti akoto olówó gọbọi. Ní Yúróòpù, ìlànà tí wọ́n ń pè ní EN 1078 ni akoto oníkẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀. Wọ́n á fi akoto sí orí àtọwọ́dá, wọ́n á jẹ́ kó já lu irin pẹrẹsẹ láti òkè tó tó mítà kan àbọ̀, wọ́n á wo bí agbára tó dé orí náà ṣe pọ̀ tó. Wọ́n á fa okùn àgbọ̀n rẹ̀ wò bóyá yóò já. Ìyẹn ni pé owó ṣọ́ọ̀bù àti owó orúkọ ni wọ́n yọ kúrò, wọn ò yọ ààbò kúrò.

Nílé ńbí, àjọ SON ló ń rí sí ojúlówó ọjà. Àmì MANCAP wà fún ohun tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, ìwé ẹ̀rí SONCAP sì wà fún ọ̀pọ̀ ọjà tó ń wọlé láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń ná ọjà nílẹ̀ yìí ló mọ̀ pé ayédèrú kì í dúró gba àṣẹ kó tó wọlé. Ẹnikẹ́ni lè tẹ àmì sára ike. Nítorí náà, ojú àti ọwọ́ ẹni tó ń rajà náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́.

Akoto: tuntun ni kẹ́ ẹ rà, kò sí àní-àní

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ á rántí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé akoto. Ọ̀wọ́n akoto dé. Ni àwọn kan bá gé igbá, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n fi dé orí. Àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà, àwọn kan wọ akoto àwọn tó ń kọ́lé. Àwọn èrò náà ní tiwọn: ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọlọ́kadà lè ti fi oògùn sínú akoto tó ń gbé fún wọn.

Ọ̀rọ̀ náà pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀. Igbá ń bo orí, kò lè dáàbò bo orí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akoto olówó kékeré tí wọ́n ń tà lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju igbá náà lọ, ó kàn ń dán ni.

Ohun tó ń gba orí là nínú akoto kì í ṣe ike tó wà lóde. Fóòmù líle tó wà nínú ni. Ó jọ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń gbá tẹlifíṣọ̀n mú nínú páálí. Tí orí bá gbá ilẹ̀, fóòmù yẹn ló máa rún, ó máa fi ara rẹ̀ gba ìyà tí ọpọlọ ì bá jẹ. Tí kò bá sí fóòmù yìí, tó jẹ́ tìmùtìmù rírọ̀ nìkan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ike, gbogbo ìyà náà orí ló ń lọ.

Ní ti alùpùpù, àkójọ ìwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí àjọ ìlera àgbáyé WHO náà ti lò nínú ìwé wọn, fi hàn pé akoto ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ewu kí orí fara pa kù ní ìdá 69. Akoto gidi ni wọ́n ń sọ o.

Nígbà tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta akoto, ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

Ẹ tú aṣọ inú rẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ wo fóòmù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kó le, kó nípọn tó bí ìka méjì téèyàn tò pọ̀ tàbí kó sún mọ́ ọn, kó sì yí orí ká. Tó bá jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ ló ń wọlé bíi búrẹ́dì, ẹ dá a padà.

Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn orí yín, lókè ìpéǹpéjú díẹ̀, kó tó dé ibi tí ẹ máa ti ra akoto. Iye sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n sábà máa ń kọ sínú akoto tó dáa, bíi 54 sí 58. Obìnrin tó bá ti di irun tó ga gbọ́dọ̀ rántí pé akoto tó bá jókòó sórí irun kò jókòó sórí orí. Nígbà tẹ́ ẹ bá dé e, kó má fi ju ìka méjì lọ sókè ojú.

Ẹ de okùn àgbọ̀n, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ ti akoto láti ẹ̀yìn sí iwájú. Tó bá bọ́, tàbí tó bá ṣubú bojú, kò bá yín mu. Akoto tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á, kò ní dúró lórí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le.

Kí ló dé tí kò fi yẹ kéèyàn ra tòkúnbọ̀ akoto? Ìdí ni pé fóòmù tó ti rún lẹ́ẹ̀kan kì í wú padà. Akoto lè ti gba orí ẹnì kan là ní ilẹ̀ òkèèrè, kí ojú rẹ̀ sì ṣì máa dán gbinrin. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀. Bákan náà, akoto tẹ́ ẹ bá ti fi ṣubú, tí orí gbá ilẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ akoto, ẹ má sì fi ọ̀dà kùn ún, torí wọ́n lè jẹ ike àti fóòmù rẹ̀. Omi àti ọṣẹ tó o.

Ohun kan tún wà tó ń rú àwọn èèyàn lójú. Akoto oníkẹ̀kẹ́, èyí tó fúyẹ́ tó ní ihò atẹ́gùn, kò tó fún ọ̀kadà. Eré alùpùpù ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gun méjèèjì, akoto alùpùpù ni kó rà, kó fara da ooru rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀: tòkúnbọ̀ ò burú

Níbi ti kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tó ń ti Yúróòpù wọ èbúté Èkó lágbára ju tuntun olówó kékeré kan lọ. Ohun téèyàn fojú rí ló pọ̀ jù lára kẹ̀kẹ́, kì í ṣe bíi fóòmù inú akoto tó ń fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Ẹni tó bá fara balẹ̀ á rí i.

Ẹ kọ́kọ́ wo egungun rẹ̀, pàápàá ibi tí irin ti pàdé irin. Tí ọ̀dà tuntun bá wà níbi kan ṣoṣo, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀. Ẹ gbé e sókè, kẹ́ ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì: kó má máa jó láti ọ̀tún sí òsì. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Táyà tó ti pẹ́ nínú oòrùn máa ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín rẹ̀ ṣì gún.

Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára táyà náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́jà lè di ohun tí wọ́n gbé ti ògiri lọ́jọ́ tí túùbù bá bẹ́. Ẹ lọ bá ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò, kẹ́ ẹ bi í bóyá ó máa ń rí irú rẹ̀ rà.

Ní ìhà tiwa yìí, bíréèkì lọ̀rọ̀ tó gbẹgẹ́ jù, torí òjò. Igbó kìjikìji ni Odígbó àti agbègbè rẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún ni ilẹ̀ fi ń tutù. Bíréèkì tó ń fún ríìmù mú láti ẹ̀gbẹ́ máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára alumíníọ̀mù, ì báà jẹ́ nínú òjò. Ṣùgbọ́n lára ríìmù onírin tó ń dán bíi dígí, tí omi bá ti kàn án, bíréèkì á kàn máa yọ̀ ni.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Ẹ yọ òòfà lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, kẹ́ ẹ mú un dání lọ sọ́jà. Tí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ríìmù, irin ni. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, alumíníọ̀mù ni. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bíréèkì rẹ̀ wà nínú àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà sẹ́yìn kó tó dúró. Àwọn kẹ̀kẹ́ Netherlands sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú.

Tó bá jẹ́ ríìmù onírin lẹ ti ní nílé, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá jù ú nù. Nínú òjò, ẹ rọra máa tẹ bíréèkì ṣáájú ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dúró, kó lè nu omi kúrò, kẹ́ ẹ tó wá fún un gírígírí. Ẹ má sì fi owó wáyà bíréèkì àti rọ́bà rẹ̀ du ara yín. Kò wọ́n rárá tá a bá fi wé kẹ̀kẹ́, tuntun ni kẹ́ ẹ fi sí i lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ra tòkúnbọ̀ wálé.

Iná àti aṣọ tó ń tan

Ọ̀rẹ̀ jẹ́ oríta. Ọ̀nà Èkó sí Benin gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni ọ̀nà Oǹdó tó gba Odígbó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé rẹ̀. Tírélà, tánkà epo àti ọkọ̀ akérò kì í dáwọ́ dúró níbẹ̀, tọ̀sán tòru. Oníkẹ̀kẹ́ tí awakọ̀ kò rí, akoto tó dáa jù láyé kò lè gbà á lọ́wọ́ tírélà.

Aṣọ tó ń tan tó ṣeé rà lówó kékeré jù kì í ṣe ti oníkẹ̀kẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà máa ń wọ̀ ni. Ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé nǹkan méjì ló wà lára rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ tó mọ́ bí òroǹbó tàbí ọsàn tó ti pọ́n, ojúmọmọ ló wúlò fún. Ọ̀já fàdákà tó wà lára rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lóru, tó ń dá iná mọ́tò padà sójú awakọ̀.

Ayédèrú pọ̀ nínú ọ̀já fàdákà yìí. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ju kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù lọ. Ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, kí ẹnì kan gbé jákẹ́ẹ̀tì náà jìnnà díẹ̀ síbi tó ṣókùnkùn nínú ṣọ́ọ̀bù. Tí ọ̀já náà bá tàn yòò padà sójú yín bí ojú ológbò, ojúlówó ni. Tó bá kàn rí bí aṣọ eérú, aṣọ lásán ni.

Iná pupa lẹ́yìn ṣe pàtàkì ju iná funfun iwájú lọ lójú títì, torí ẹ̀yìn ni ọkọ̀ tó ń sáré ti sábà máa ń bá oníkẹ̀kẹ́. Ẹ ra èyí tí bátìrì rẹ̀ wà lọ́jà, tàbí èyí tó ń lo wáyà fóònù láti gba iná. Ẹ da omi sí i lára díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, torí iná tó bá kú nínú òjò kú nígbà tẹ́ ẹ nílò rẹ̀ jù.

Ìbọ̀wọ́, ṣòkòtò àti bùbá: ẹ lọ sí ìsọ̀ òkìríkà

Ibi tí owó ti lè kù sápò gan-an rèé. Ṣòkòtò oníkẹ̀kẹ́, jákẹ́ẹ̀tì òjò, ìbọ̀wọ́ àti bàtà, kò sí èyí tó burú kéèyàn rà á ní òkìríkà. Bó bá ya, abẹ́rẹ́ á rán an. Ẹ kàn fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi gbígbóná kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ìbọ̀wọ́ kì í ṣe fún fáàrí nìkan o: ẹni bá ṣubú, ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ nà sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún ṣòkòtò tó fẹ̀ lẹ́sẹ̀, kí ṣéènì má baà gbé e mì.

Tí owó ò bá tó, èwo ló ṣáájú?

Yorùbá ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kéèyàn fi gbogbo owó rẹ̀ ra iyọ̀. Bí owó ṣe kéré tó, ẹ tò ó báyìí: bíréèkì ni kó ṣáájú, torí kẹ̀kẹ́ tí kò lè dúró kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń gùn. Akoto tuntun tẹ̀ lé e. Iná ẹ̀yìn àti ọ̀já fàdákà ló kàn. Lẹ́yìn náà ni táyà àti túùbù. Egungun kẹ̀kẹ́ lè jẹ́ tòkúnbọ̀, aṣọ lè jẹ́ òkìríkà. Ọ̀ṣọ́, orúkọ ńlá àti àwọ̀ tó wù yín, ìyẹn lè dúró dọdún tó ń bọ̀.

Ẹ rántí pé òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ní kí ẹni tó ń ta tòkúnbọ̀ jẹ́ kó hàn gbangba pé tòkúnbọ̀ ni. Ó fún oníbàárà láǹfààní láti yẹ ọjà wò kó tó gbà á, àti láti dá èyí tó lábùkù padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ló ń gba ẹni sílẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwé pélébé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Ẹ jẹ́ kó kọ ọjọ́, iye owó àti bóyá tuntun tàbí tòkúnbọ̀ ni. Ẹni tó bá ń ta ojúlówó kì í sá fún kíkọ ọ́.

Àwọn òbí tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọ ilé ìwé, ẹ má ra akoto tó tóbi pé ọmọ á dàgbà bá a. Bàtà lè dúró de ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n akoto tó bá ń yí lórí ọmọ lónìí kò wúlò fún un lónìí. Ẹ mú ọmọ náà dání lọ sọ́jà, kí orí rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ná an.